Ọkọ̀ apẹja ńlá: ẹ wá àyè ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ̀

Ẹni tó bá ti gba Alápẹ̀rẹ̀ dé etí omi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Àgbóyì yóò mọ̀ pé Kòsọ́fẹ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta ata àti tòmáàtì nìkan. Lóòótọ́, ọjà Mile 12 ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdúgbò náà, ṣùgbọ́n omi pọ̀ níbẹ̀ ju bí àlejò ṣe rò lọ. Odò Ògùn ń gba ẹ̀yìn Òwódé Onírìn, Àgílítì àti Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá, ó ń lọ sínú ọ̀sà. Lápá ibòmíì, ọ̀sà fúnra ẹ̀ ló ń wo àwọn ará Òwòrònṣòkí lójú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà lágbègbè yìí tó jẹ́ pé owó ẹja ni wọ́n fi tọ́ ọmọ, òun náà ni wọ́n fi rán wọn níléèwé.

Nígbà tó jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ni bàbá ń lò, ọ̀rọ̀ ibi tí yóò gbé e sí kò le rárá. Ọkùnrin méjì á gbé e wálé, wọ́n á dojú ẹ̀ bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó parí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti ń gbòòrò, tí ọmọ ti dàgbà tó ń bá bàbá rẹ̀ lọ sódò, wọ́n á fẹ́ ra ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25 tàbí 30, wọ́n á sì ra ẹ́ńjìnnì sí i. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé lariwo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó á ní kò síbi tóun fẹ́ máa sá aṣọ sí mọ́. Ayálégbé kejì á ní wọ́n ti dí òun lọ́nà. Ìyá àgbà tó ń dìde lóru lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á fi ẹsẹ̀ kọ okùn. Kí oṣù kan tó pé, ẹ̀fọn á ti kún inú ọgbà, àwọn ọmọ á sì ti sọ ọkọ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ṣeré.

Ohun tá a fẹ́ sọ lójú ewé yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ọkọ̀ bá ti di ńlá, kì í ṣe ẹrù kan mọ́, ẹrù mẹ́rin ni: ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ́ńjìnnì, epo bẹntiróòlù, àti àwọ̀n pẹ̀lú ìwọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ sùn síbì kan náà. Ẹni tó bá ń wá ibi kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo wọn sí kò ní í rí i, bó bá sì fi tipátipá rí i, inú ilé tí ọmọ àti àgbà ń sùn sí ló máa di ibi náà. Ibẹ̀ sì ni jàǹbá ti ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wọn ọkọ̀ tí wọn kò ní í wọn ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ papọ̀. Ká ní ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 28, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ níwájú ẹ̀ àti 3 lẹ́yìn ẹ̀ káfíńtà lè rí ibi dúró tó bá fẹ́ tún un ṣe. Ìyẹn ti di 34. Ní ti fífẹ̀ ẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá, kí ikán má sì ráyè gba ara ògiri bọ́ sínú igi. Ẹ wá fi 3 sílẹ̀ lápá kejì kéèyàn lè rìn kọjá. Ó di 9. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 34, tó sì fẹ̀ ní 9, ni ọkọ̀ náà ń bèèrè lọ́wọ́ yín.

Pílọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lè gba èyí tí ilé kò bá ti gbà á tán. Ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì tí ilé, kànga àti ṣálángá ti wà lórí ẹ̀ kò dájú. Ilé oníyàrá kan-kan tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé kò tiẹ̀ yẹ ká dá a lábàá.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà wọlé. Ẹ wọn géètì. Ẹ wọn ọ̀nà láti etí omi títí dé ẹnu géètì, pàápàá níbi tí kọ́nà bá wà, nítorí ohun tó gùn kì í yí ní kọ́nà bí ènìyàn ṣe ń yí. Ẹ gbójú sókè wo wáyà iná. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè ìbéèrè kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ: bí iná bá sọ nínú ilé lóru, tàbí tómi bá dé, ṣé gbogbo àwọn tó wà nínú ilé lè sá jáde láìjẹ́ pé wọ́n gun orí ọkọ̀ kọjá? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, àyè ọkọ̀ kọ́ nìyẹn.

Ṣé dandan ni kó wọ inú ọgbà?

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn látayé bàbá wọn ṣe ń ṣe é. Ní etí òkun orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn apẹja Fante àti Ewe máa ń lo ọkọ̀ gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi arère, ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní láti sowọ́ pọ̀ tì. Wọn kì í gbé e délé. Orí iyanrìn etí òkun ló ń sùn, wọ́n á fi igi roboto sábẹ́ ẹ̀ yí i gòkè kúrò níbi tí ìgbì lè dé. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tú gbé lọ. Ní Ganvié lórílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n kọ́ ilé sórí òpó láàárín adágún Nokoué, ìdí òpó ilé ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n sì ń ṣe ní Mákòkó níbí náà nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹ̀ ni pé ara ọkọ̀ ńlá kò bẹ̀rù omi, kò sì sí ẹni tó lè gbé e sórí sá lọ ní wàràǹṣeṣà. Ẹ́ńjìnnì ni olè ń wá. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àgbóyì, Àgílítì tàbí Òwòrònṣòkí, ohun tó dáa jù ni kí ara ọkọ̀ wà ní etí omi, kẹ́ ẹ so ó mọ́ òpó pẹ̀lú ṣéènì àti àgádágodo, kí ẹ́ńjìnnì sì máa bọ̀ wálé. Ẹ lè para pọ̀ bí ọlọ́kọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kẹ́ ẹ dá owó, kẹ́ ẹ gba ọdẹ kan, kẹ́ ẹ sì ta páànù bo ibi kan tí gbogbo yín á máa gbé ọkọ̀ sí. Ẹ rí i pé olórí àdúgbò mọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti LASWA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ lo ibẹ̀. Ibi tí omi àgbàrá ń gbà kọjá kì í ṣe ibi tá a ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ dí gọ́tà ńlá, ilé ara ẹ̀ àti ti ọmọnìkejì ló ń pe omi sí.

Ewu kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ sí fífi ọkọ̀ sínú omi. Omi ọ̀sà wa máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń dùn padà nígbà òjò. Nígbà tó bá níyọ̀, àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n máa ń lu igi ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ kò sì ní í mọ̀ títí yóò fi jò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ máa fà á gòkè látìgbàdégbà, kẹ́ ẹ ha á, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀dà kùn ún. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti kùn ún o. Òórùn ọ̀dà kò dáa fún ọmọ ìkókó, aláboyún àti ẹni tó bá ní ásímà. Koríko orí omi tó ya wọ ilẹ̀ wa láti apá ilẹ̀ Benin ní ọdún 1984 náà wà ńbẹ̀. Ó lè bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bó bá jẹ́ pé inú ọgbà ló máa wà

Àwọn kan wà tí ilé wọn sún mọ́ omi, tí ilẹ̀ wọn sì fẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ lélẹ̀ lásán. Igi tó bá kan ilẹ̀ tútù á jẹrà, ikán á sì bá a ṣe. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sí ọ̀nà mẹ́ta, níwájú, láàárín àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá fi pákó nípọn lé e kí ọkọ̀ tó jókòó lé wọn. Tó bá jẹ́ ọ̀nà méjì péré lẹ ṣe, àárín ọkọ̀ á máa tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lanu.

Oòrùn náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ̀ oní-pákó. Bí pákó bá gbẹ jù, á sún kì, ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ á ṣí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì dá a padà sómi ló máa mu omi. Abẹ́ igi tàbí abẹ́ páànù ló yẹ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá máa fi tápólì bò ó, ẹ gbé igi kan dábùú láàárín kí tápólì lè ga bí òrùlé, kí òjò lè máa ṣàn dànù. Tápólì tó bá jìn wọnú bí abọ́, omi ló ń gbè.

Tanwíjí inú ọkọ̀

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá rántí ayé àwọn wolé-wolé, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, àti bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń sáré da omi nù tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ti wọ àdúgbò. Ọkọ̀ tó jókòó sínú ọgbà tí òjò rọ̀ sí, ìkòkò ńlá tí kò ní ìdérí ni. Ẹ̀fọn á yé ẹyin sórí omi náà, ẹyin á di tanwíjí, tanwíjí á sì di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ti sọ ọ́ léraléra pé Nàìjíríà ni ibà ti ń ṣe èèyàn jù lọ láyé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà àgbáyé ló sì ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti àwọn aláboyún ló sì ń bá fínra jù.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kò ṣòro. Bí àwọn ọkùnrin ilé bá pọ̀ tó, ẹ dojú ọkọ̀ bolẹ̀. Bó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé imú ẹ̀ ga ju ìdí lọ kí omi lè gbá jọ síbì kan, kẹ́ ẹ sì máa gbọ́n ọn dànù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pàápàá nínú oṣù tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ fún ọmọ kan tó ti tó ọmọ ọdún 14 sókè ní iṣẹ́ náà, kó mọ̀ pé tòun ni.

Ọ̀pọ̀ máa ń fi táyà àlòkù tẹ́ ọkọ̀ lábẹ́. Kò burú, nítorí kì í jẹ́ kí pákó fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n inú táyà ni irú ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án, tó sì lè gbé ibà pọ́njú kiri, fẹ́ràn jù. Ẹ lu táyà náà níhò tàbí kẹ́ ẹ ro iyanrìn kún inú ẹ̀. Ẹ má sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú omi ọkọ̀ pé ẹ fẹ́ fi pa tanwíjí. Iná lè ràn mọ́ ọn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì gbé ọkọ̀ padà sódò, ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ lọ pa ló máa mu ún.

Ohun mìíràn tún wà nídìí omi inú ọkọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè ṣubú sínú omi tí kò jìn ju ìka ọwọ́ mẹ́ta lọ, kó sì kú síbẹ̀ láìpariwo. Ọkọ̀ kì í ṣe ibi eré. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì tún fi nǹkan dè é kí wọ́n má lè gùn ún.

Epo bẹntiróòlù kì í ṣe ohun abẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Nínú ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tá a kà sílẹ̀, èyí ló ń pa ìdílé run jù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí owó epo sì ti fò sókè, ó ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn láti ra èyí tó pọ̀ pa mọ́ kó tó tún gbówó lé. Kẹ́ẹ̀gì tó ń gba lítà 25 á wá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tàbí ní kíṣínì.

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa. Kì í ṣe epo tẹ́ ẹ fojú rí nìkan ló ń gbiná. Ooru tó ń jáde lára ẹ̀ wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó lè rìn láti yàrá dé ibi tí sítóòfù, àbẹ́là tàbí kọ́ílì ẹ̀fọn wà, kó gbiná níbẹ̀, kí iná sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà sídìí kẹ́ẹ̀gì. Nítorí náà, epo kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé. Ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò lódò lọ́jọ́ kejì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ kọ́ àpótí kékeré kan tí atẹ́gùn ń gbà kọjá sí ìta, níbòji, kó jìnnà sí kíṣínì àti jẹnẹrétọ̀, kó sì ní àgádágodo. Ẹ má rọ epo kún dé ẹnu, nítorí ó máa ń wú nínú ooru. Ẹ gbé garawa iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí epo bá gbiná, ẹ má da omi sí i, ṣe ni omi á gbé iná náà káàkiri.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Epo kò gbọdọ̀ wọnú ike omi tàbí ike ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Òǹgbẹ á gbẹ ọmọ, á sì gbé e mu. Bó bá ṣẹlẹ̀, a mọ̀ pé epo pupa ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ́kọ́ wá kí ọmọ lè bì í. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Bí epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì bá ń padà bọ̀, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń pa ọmọ. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo dà sí kúrò lára ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Gbàgádà kò jìnnà sí yín. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 tàbí 767, kò sì gba owó lórí fóònù.

Ẹ́ńjìnnì: ibi gbígbẹ ni, kì í ṣe ibi ìsùn

Ẹ́ńjìnnì ló wọ́n jù nínú ẹrù náà, kò burú tó bá wà lábẹ́ àgádágodo. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé, ẹ tú ọpọ́n epo kúrò lára ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí epo tó ṣẹ́ kù nínú ẹ́ńjìnnì jó tán. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú rẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí káfíńtà kan igi kan fún un tó lè gbé e dúró ṣánṣán bó ṣe máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá kàn jù ú sílẹ̀ bó ṣe wù yín, omi tó kù nísàlẹ̀ lè ṣàn padà wọnú ibi tí kò yẹ kó dé. Pálọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù tó bá ní atẹ́gùn sàn ju yàrá tí ọmọ ń sùn sí lọ.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tẹ́ ẹ́ńjìnnì wò, ìta ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tàbí ní kọ́rídọ̀ ń fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wewu. Èéfín olóró tó ń jáde nínú ẹ̀ kò ṣeé fojú rí, kò lóòórùn, irú rẹ̀ náà ló ń pa àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.

Àwọ̀n, ìwọ̀ àti okùn

Àwọ̀n tó ń rùn ẹja ń pe eku, eku sì ń pe ejò. Eku tó bá wọnú ilé kì í dúró sórí àwọ̀n nìkan, á dé inú gààrí, ẹ sì ti mọ ohun tí ibà Lassa ń ṣe. Ẹ fi omi ṣan àwọ̀n, ẹ sá a níbòji, torí oòrùn máa ń jẹ okùn ọ̀rá, kẹ́ ẹ wá fi kọ́ sókè lára ògiri ìta tàbí lábẹ́ òrùlé. Kì í ṣe kẹ́ ẹ ká a jọ sílẹ̀. Ìwọ̀ ní tiẹ̀, agolo tó ní ìdérí ló yẹ ẹ́. Ẹni tí ìwọ̀ bá ha lẹ́sẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì lọ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn.

Okùn àti ìdákọ̀ró kò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà. Fún ọ̀dọ́, kó kọsẹ̀ kó dìde ni. Fún ìyá tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, egungun ìbàdí lè fi ṣẹ́, ìyẹn sì lè sọ ọ́ di ẹni tí kò ní í rìn dáadáa mọ́. Ẹ fi ọ̀dà funfun kun etí búlọ́ọ̀kù tí ọkọ̀ jókòó lé kí ojú lè rí i lálẹ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e

Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 15 tí ọ̀pọ̀ ń lò wúwo tó nǹkan bíi kílò 36. Ti agbára ẹṣin 40 lè ju kílò 70 lọ, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ dáadáa. Bàbá tó ti lé ní 60 ọdún, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tó ti ní ìpá rí, kò yẹ kó dá èyí gbé nítorí pé òun ló ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ẹ lo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ọwọ́, tàbí kí ọmọkùnrin méjì gbé e. Ní ti ara ọkọ̀, ẹ to ọparun tàbí páìpù sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbé nǹkan sókè, kó tẹ orúnkún, kó má tẹ ẹ̀yìn. Bàbá dúró síwájú kó máa darí wọn. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn, kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Nígbà tómi bá dé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́bàá Odò Ògùn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Omi tó ń bá yín kì í ṣe òjò Èkó nìkan. Ìsédò Ọ̀yán wà nítòsí Abẹ́òkúta, ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní ọdún 1983. Bí omi bá kún ibẹ̀ lápá ìparí òjò, wọ́n á tú díẹ̀ sílẹ̀, Odò Ògùn á sì gbé e wá bá yín, kódà bí òjò kò bá rọ̀ ní Kétu lọ́jọ́ náà. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2010, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe bo ilé ní Ajégúnlẹ̀ àti Àgílítì, tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi sá kúrò nílé, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni àwọn tó ṣẹ́ kù fi ń wọlé, tí wọ́n fi ń jáde lójú títì tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé sórí búlọ́ọ̀kù á léfòó lọ́jọ́ náà. Bẹ́ ẹ kò bá so ó, á máa kọ lu ògiri títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi fọ́, tàbí kí omi gbé e lọ. Bẹ́ ẹ bá sì fi okùn kúkúrú so ó, omi á ga kọjá ẹ̀, á fà á rì. Òpó tó fìdí múlẹ̀ tàbí igi ńlá ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kí okùn náà sì gùn tó láti bá omi gòkè ju ibi tí omi ti dé rí nínú ilé yín lọ. Láti oṣù kẹjọ ni kẹ́ ẹ ti dojú ọkọ̀ kọ ọ̀nà àbájáde, kẹ́ ẹ sì tọ́jú àjẹ̀, igbá ìgbọ́nmi àti ẹ̀wù aléfòó síbi tọ́wọ́ á ti tètè tó o, nítorí ó lè jẹ́ ọkọ̀ yìí kan náà ni ẹ ó fi gbé ìyá àgbà àti ọmọ ìkókó jáde. Ẹ má dúró de ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì gbé epo kúrò nílẹ̀ kí omi tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wá sanwó fún ọkọ̀ ńlá, ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó, àwọn ọmọ àti àgbà tó wà nínú ilé. Ẹ bi ara yín: ara ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Epo ńkọ́? Àwọ̀n ńkọ́? Bí ìdáhùn bá wà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sì sí ìkankan nínú wọn tó wọ yàrá ọmọ tàbí tó dí ojú ọ̀nà, ẹ lọ rà á, owó yín kò sọnù. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù tí kò tíì níbi tó máa wà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lọ́dọ̀ agbẹ́kọ̀ fún oṣù kan sí i. Ọkọ̀ tí a fẹ́ fi wá oúnjẹ ọmọ kò gbọdọ̀ gba ibi tí ọmọ ń sùn.